Ta Ló Fún Ẹ Láṣẹ Láti Ṣe Búrẹ́dì?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé ṣé kẹ́ ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni àbí kẹ́ ẹ jókòó sí ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí n yáa sọ fún yín pé mi ò ní ìdáhùn. Kí ni mo mọ̀ nípa ọ́fíìsì? Abẹ́ tábìlì ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, torí òun ni mò ń gbá nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù yìí. Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ṣe. Mo ṣe é láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú kirikiri títí di ìgbà tí orúnkún mi ní òun ò lọ mọ́. Ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀ ni mo lè sọ. Kí kálukú yín mú èyí tó bá wúlò fún un, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún mi.

Mojísọ́lá ni orúkọ mi. Ní ìjọ aláṣọ funfun tí mò ń lọ ní Old Kent Road, Mummy Mojí ni wọ́n ń pè mí. Nídìí iṣẹ́, Mojí Búrẹ́dì ni.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn láti sọ. Aládùúgbò mi kan ní North Peckham, nígbà tí wọn ò tíì wó àwọn ilé gígùn tí afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ la ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn já, ló sọ fún mi pé Alhaji kan ń wá ẹni tí yóò máa bá òun fọ páànù. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ kéré, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Alhaji Múfútàù ni orúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ni gbogbo Peckham ń pè é. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́ kó tó wá. Abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin ni ilé búrẹ́dì rẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá lórí wa, gbogbo páànù á máa gbọ̀n jìgìjìgì, Ọ̀gá á gbé ọwọ́ sókè, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan búrẹ́dì tó ń wú lọ́wọ́ títí ọkọ̀ náà á fi kọjá tán. Ó ní bí ilẹ̀ bá ń mì tí èèyàn náà sì tún ń mì ín, búrẹ́dì náà á rọ̀ wálẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Èmi náà gbé ọwọ́ sókè bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá ò fẹ́ràn aago. Ó fi àpò fúláwà bo èyí tó wà lára ògiri. Ó ní búrẹ́dì ò mọ aago: nígbà òtútù ó máa ń pẹ́ kó tó wú, nígbà ooru ó máa ń yára, ẹni tó bá sì ń wo aago, kò wo búrẹ́dì mọ́. Lọ́jọ́ tó rí aago lọ́wọ́ mi, ó ní kí n bọ́ ọ, ó sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀wà.

"Ọjọ́ tó o bá gba fírídọ̀mù lo máa rí i," ó wí bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́ o!

Ọdún àkọ́kọ́, páànù ni. Ọ̀gá á fi ìka gba kọ̀rọ̀ inú páànù, bí ó bá rí òróró tó kó jọ síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo máa fọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn páànù ló tó jẹ́ kí n dé ìdí ẹ̀rọ oníròlà méjì, tí a máa ń ti fúláwà tí a ti pò sí láàárín rẹ̀ léraléra títí á fi dán, tí á sì rọ̀. Ẹ̀rọ yẹn ló mú kí búrẹ́dì tiwa máa fà, kó sì ki, kì í ṣe èyí tí ihò wà nínú rẹ̀ kiri bíi ti àwọn òyìnbó. Ẹ̀rọ yẹn kan náà lè mú ìka èèyàn lọ, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí òrùka, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ sísọ nídìí rẹ̀. Mo sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Síbẹ̀ Ọ̀gá kì í bú èèyàn, kò sì gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni rí. Á kàn wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, á wo ojú rẹ, á ní, "Tún un ṣe." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kó bú mi, kó sàn fún mi.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí lè má mọ fírídọ̀mù. Nílé, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀, tàbí iṣẹ́ irun, tàbí mẹkáníìkì, kì í kàn jí lọ́jọ́ kan kó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá rẹ̀ máa pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti tú u sílẹ̀, kó máa lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀. Láìsí èyí, ẹgbẹ́ ò mọ̀ ọ́n. A kó àṣà náà wá sí Lọ́ńdọ̀nù bí a ṣe kó ata àti ẹ̀gúsí wá. Ní tiwa, fúláwà ni ọ̀gá máa ń bù sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tèmi, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn Old Kent Road, Ọ̀gá bu fúláwà sí mi lọ́wọ́ méjèèjì, ó ṣe àdúà, wòlíì ìjọ wa tó bá mi wá sì ń ṣe àmín lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ti ọwọ́ bàpò, ó fa aago mi yọ. Ó ti kú tipẹ́. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi sì ń sunkún, fúláwà ń lẹ̀ mọ́ mi lójú.

Òfin ẹgbẹ́ wa ò le láti yé èèyàn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Peckham ti bá ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì ṣàdéhùn pé búrẹ́dì ẹni tó gba fírídọ̀mù nìkan ni àwọn máa gbé sórí káńtà. Ẹni tí kò gbà á lè máa ṣe búrẹ́dì nínú kíṣíìnì rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ta ló máa bá a tà á?

Ẹ má rò pé ìkà ni wá. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹgbẹ́ ló ń bá mi ṣe búrẹ́dì, tí wọ́n ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà mi títí mo fi lè dìde nílẹ̀. Ẹni tí ààrò rẹ̀ bá bàjẹ́, a máa ń jọ lo tẹlòmíràn ni. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ yẹn, mi ò ní purọ́.

Uncle Dípọ̀ ló kọ́kọ́ kó ìyọnu bá mi nípa rẹ̀. Òun ni dírẹ́bà tó ń bá mi fi ọkọ̀ fáànù gbé búrẹ́dì kiri nígbà tí mo ti ní ilé búrẹ́dì tèmi. Ìwé ló bá wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn ọ̀rọ̀ ajé ló ń kà ní yunifásítì, ó sì ń kọ ìwé ńlá lórí ọkùnrin ará Faransé kan, kó tó di pé owó ilé ìwé dá a dúró. Ìwé náà ò parí, ẹnu Uncle Dípọ̀ náà ò sì parí. Ọ̀mọ̀wé ni ọkùnrin Faransé ọ̀hún, ó sì tún jẹ́ mínísítà fún ọba wọn, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ẹṣin fa ọkọ̀. Orúkọ rẹ̀ kì í yí dáadáa lẹ́nu mi, nítorí náà Mínísítà ni mò ń pè é, bí ẹni pé ó ń gbé ní Brockley nítòsí wa níbí.

"Mojí, ṣé o mọ̀ pé nílùú wọn nígbà yẹn," Uncle Dípọ̀ á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ bá ti mú wa ní Old Kent Road, "èèyàn ò lè rán aṣọ, kò lè ṣe búrẹ́dì, kò lè ta òdòdó pàápàá, àfi bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ bá gbà á wọlé?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àbí kí gbogbo ayé kàn máa ṣe búrẹ́dì?"

"Ọmọ ọ̀gá á tètè wọlé. Ọmọ tálákà á sìn títí, á tún sìn sí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mínísítà yín wá ṣe kí ni?"

"Ó fọ́ gbogbo rẹ̀ ká! Ó ní Ọlọ́run tó dá ebi mọ́ èèyàn, òun náà ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ jẹun. Kì í ṣe ọba ló fún un, kì í ṣe ẹgbẹ́. Ó ní ẹ̀tọ́ yẹn ni ohun ìní tálákà, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa tà á fún un."

Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sókè, àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ẹ̀gbẹ́ wa á máa wò wá. Ó máa sọ ti ọkà. Ó ní Mínísítà pàṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkà máa rìn láti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tó ti wọ́n, kí aṣọ́bodè kankan má dá a dúró, torí pé bí ìjọba bá fi tipátipá fa owó rẹ̀ wálẹ̀ ní ìlú kan, ẹni tó ni ín á gbé e pamọ́ tàbí kó gbé e gba ibòmíràn. Ó máa sọ bí wọ́n ṣe ń kó àwọn àgbẹ̀ lọ lá títì lọ́fẹ̀ẹ́, tí Mínísítà sì ní kí wọ́n fòpin sí i, kí àwọn onílẹ̀ máa sanwó rẹ̀, torí àwọn ni títì náà ṣe láǹfààní jù.

"Àwọn èèyàn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Dúpẹ́ kẹ̀! Kò tíì pẹ́ tó ṣílẹ̀kùn ọkà tí ìkórè ọdún yẹn fi bàjẹ́. Búrẹ́dì wọ́n gógó. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn oníbúrẹ́dì."

"Ṣọ́ọ̀bù àwọn ta?"

"Àwọn oníbúrẹ́dì."

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin àti Mínísítà yín, ẹ ò ní fi tèmi fọ́!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọlọ́kadà kan. Ó wá sọ ìyókù fún mi. Àwọn olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́, àwọn onílẹ̀ àti àwọn ará ààfin pawọ́ pọ̀, wọ́n lọ bá ọba, ọba sì lé Mínísítà. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi tún ilẹ̀kùn tó ṣí tì.

"Kí wá ni àǹfààní gbogbo rẹ̀?" mo bi í.

"Ohun tó sọ ṣì tọ́," ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì yà sọ́wọ́ òsì.

Ọdún ń lọ. Wọ́n wó North Peckham, wọ́n tún un kọ́, èmi náà rí yàrá tuntun gbà níbẹ̀. Irinṣẹ́ yí padà. Ẹ̀rọ tó ń po fúláwà dé, a bọ́ lọ́wọ́ ìrora èjìká. Ààrò iná mànàmáná dé, tó ń ké píì-píì bí búrẹ́dì bá ti jinná. Àwọn ará káńsù ní ká máa wọ ìbọ̀wọ́, Ọ̀gá sì ní òun ò lè wọ sọ́ọ̀kì sọ́wọ́ kí òun máa po fúláwà. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ fi mí ṣe alága. Obìnrin kan ò jẹ ẹ́ rí. Inú mi dùn, mo sì ṣe fáàrí díẹ̀ sí i.

Èmi ni mo wà lórí àga yẹn nígbà tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀.

Kúdírátù, tí a ń pè ní Kúdí, ni ọmọ iṣẹ́ tí Ọ̀gá kọ́ gbẹ̀yìn. Peckham ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń dún bíi ti òyìnbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó fi í sílẹ̀ torí pé ṣíífù iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó rí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti kọ́ṣẹ́ tán. A ti dá ọjọ́ fírídọ̀mù rẹ̀, ó sì ti gba ààyè kékeré kan láàárín àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ní Old Kent Road. Gbogbo ohun tó ní ló fi síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá ṣubú lulẹ̀ nídìí ẹ̀rọ oníròlà. Ọpẹ́lọpẹ́ Kúdí tó sáré pa ẹ̀rọ náà, ìbá fa ọwọ́ Ọ̀gá wọlé. Ẹ̀gbà ni. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ pátápátá, ohùn rẹ̀ sì lọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ní ọsibítù, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Brockley. Ọpọlọ rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Ojú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ló kọ̀.

Nígbà náà ni wàhálà dé. Ẹnu ọ̀gá tó kọ́ni níṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ túni sílẹ̀, ẹlòmíràn ò lè bá a ṣe é. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí Kúdí lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn.

"From scratch?" Kúdí kígbe mọ́ mi. "Mummy, mo ti gba shop! Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Kí ni màá fún wọn jẹ?"

Mo ro ọgbọ́n kan. Mo bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé bí Ọ̀gá bá lè fi ọwọ́ òsì bu fúláwà sí Kúdí lọ́wọ́, tó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó. Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán. Kúdí ṣe búrẹ́dì, Uncle Dípọ̀ wà wá lọ sí Brockley. Kúdí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé abọ́ fúláwà sí ìtòsí ọwọ́ òsì Ọ̀gá, mo fi búrẹ́dì náà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ́ lọ, ó ń wo Kúdí.

Ó wá mi orí. Rárá ni.

Mo rò pé mo ṣì í rí. "Ọ̀gá, Kúdí ni o. Ó wá gba fírídọ̀mù."

Ó tún mi orí. Rárá.

"Ṣé iyọ̀ rẹ̀ ló kù, sà? Ṣé kò fà tó? Ṣé nǹkan kan wà tí kò tíì mọ̀?"

Ó pa ojú dé. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà tọ́ búrẹ́dì yẹn wò. Ó dára. Kúdí wà lórí ìkúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kò sí nǹkan kan nínú wọn.

Nínú fáànù, ó sunkún títí a fi jáde ní Brockley. "Ọwọ́ mi nìyí," ó ń nà án sí mi. "It's my hand, Mummy. Báwo ló ṣe wá di ti ẹlòmíràn?" Mo wo Uncle Dípọ̀ pé á sọ ọ̀rọ̀ Mínísítà rẹ̀. Ó kàn ń wakọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi fún yín. Mo nífẹ̀ẹ́ Ọ̀gá ju bàbá tó bí mi lọ. Mi ò rò pé ó rẹ̀ ẹ́ tàbí pé ó ń ṣe ìkà. Ó lè jẹ́ pé ó rí nǹkan tí èmi ò rí, torí pé ojú rẹ̀ kì í tàsé. Ká ní ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti lọ sílé lọ sùn, òfin ẹgbẹ́ á sì wà bó ṣe wà. Àmọ́ ó kọ̀. Mo wá rí i pé ìbéèrè tó wà níwájú mi kì í ṣe bóyá Kúdí mọ iṣẹ́. Bóyá ẹnikẹ́ni yẹ kó ní agbára láti sọ pé kí ó má ṣe é ni. Bí búrẹ́dì rẹ̀ ò bá dára, ṣé àwọn tó ń rà á ò ní ẹnu ni?

Mo bi Uncle Dípọ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Nígbà tí búrẹ́dì wọ́n, ṣé Mínísítà yín ní kí ebi máa pa àwọn èèyàn?"

"Rárá o," ó wí bẹ́ẹ̀. "Kó tó di mínísítà, ó ti ṣe alákòóso agbègbè kan tó tòṣì gan-an. Ìyàn mú níbẹ̀. Ó wá iṣẹ́ fún àwọn tí kò níṣẹ́, ó sì ní kí àwọn onílẹ̀ máa bọ́ àwọn tó ń ro oko wọn, kí wọ́n má lé wọn. Síbẹ̀, kò ti ilẹ̀kùn ọjà pa, kò sì jẹ́ kí wọ́n kú."

Ohun tí mo gbé lọ sí ìpàdé nìyẹn. Mo ní kí a tú àdéhùn tí a bá àwọn ṣọ́ọ̀bù ṣe ká, kí wọ́n máa ra búrẹ́dì ẹni tó bá wù wọ́n. Fírídọ̀mù á wà fún ẹni tó bá fẹ́ àdúrà ọ̀gá rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí a máa ń ṣe fún ẹni tó bá ṣàìsàn tàbí tí ààrò rẹ̀ bàjẹ́ á wà bẹ́ẹ̀, fún gbogbo ẹni tó bá ń ṣe búrẹ́dì láàárín wa.

Bàbá Ṣẹ́gun dìde. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá. "Mojí, Ọ̀gá ò tíì kú o. O fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàyè?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ní, "Ọ̀gá sọ pé rárá, mo sì gbọ́ ọ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa búrẹ́dì. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ nípa oúnjẹ àwọn ọmọ Kúdí."

A jiyàn títí ohùn fi há. Nígbà tí a dìbò, ìhà tèmi ló fi díẹ̀ borí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni búrẹ́dì Kúdí dé orí káńtà.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀kùn tí mo ṣí, gbogbo èèyàn ló gba ibẹ̀ wọlé. Iléeṣẹ́ ńlá kan láti ẹ̀yìn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú búrẹ́dì tiwa, ó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e wá, ó dín owó kù. Fúláwà tún wá gbówó lórí. Bàbá Ṣẹ́gun ti ilé búrẹ́dì rẹ̀ pa. Ìyàwó rẹ̀ rí mi ní Peckham, mo kí i, ó yí ojú kúrò. Wọ́n yọ mí nípò alága. Uncle Dípọ̀ náà pàdánù iṣẹ́, torí mi ò ní búrẹ́dì tó kún fáànù mọ́.

"Mínísítà yín ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín," mo sọ fún un tìbínú tìbínú.

Ó wò mí. "Mojí, àbí o rò pé mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ torí pé ó máa ṣe èmi láǹfààní ni?"

Mo lọ sí Brockley, mo fi ẹnu ara mi ròyìn ohun tí mo ṣe fún Ọ̀gá. Ó fetí sí mi tán, ó sì kọjú sí ògiri. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, kò kọjú sí mi mọ́ títí ó fi jáde láyé. Ó dùn mí. Ó ń dùn mí di òní.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ pe ìpàdé láti dá òfin àtijọ́ padà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan ti gbà, torí wàhálà púpọ̀ ti sú wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ní kí a bẹ̀rẹ̀ lórí obìnrin ará Ghana kan, Adwoa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé búrẹ́dì rẹ̀ kiri ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, kò ní ọ̀gá kankan. Ó ti gbọ́ nípa ìpàdé náà, ó gbé àwo búrẹ́dì dání wá láti bẹ̀ wá. Wọ́n ní kó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo ti múra ìjà. Mo wo Kúdí pé ká jọ jà á. Kúdí ti tóbi nígbà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó ní òun fara mọ́ ọn kí wọ́n dá òfin padà.

"Kúdí! Ìwọ?"

"Ẹ má bínú, Mummy." Kò lè wo ojú mi. "Àwọn kan ń jẹun lọ́dọ̀ mi. Búrẹ́dì obìnrin yẹn ti gba shop méjì lọ́wọ́ mi. Mi ò lè máa sọ fún àwọn staff mi pé kí wọ́n máa lọ."

Inú bí mi. Mo fẹ́ bú u, mo kó ara mi ní ìjánu. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ ò ní rí ìjà mi. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde lọ sọ fún obìnrin yẹn, Kúdí, ìwọ sì ni."

"Kí n sọ pé kí ni?"

"Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún ẹ nígbà tìẹ."

Kúdí tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Bàbá Ṣẹ́gun ń wo ilẹ̀. Ó pẹ́ débi pé ẹnì kan ní bóyá ó ti lọ sílé.

Ilẹ̀kùn ṣí. Adwoa ló kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú àwo búrẹ́dì rẹ̀, Kúdí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú Kúdí ti pọ́n.

"Mi ò lè sọ ọ́," ó wí bẹ́ẹ̀. "Mo dúró níwájú wọn, mi ò lè sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn lága."

Àga kan ṣoṣo tó ṣófo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ibẹ̀ ni Adwoa jókòó sí. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ òfin àtijọ́ gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ tó lọ sókè ò tó nǹkan, ọwọ́ Kúdí ò sì sí níbẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀bù tí mo gbára lé jù gbé búrẹ́dì Adwoa sí ààyè tèmi. Mo lọ rà á. Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó dùn. Inú bí mi gan-an pé ó dùn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fi orúnkún tó ti ń kọ̀ padà sí ilé búrẹ́dì mi, mo sì pa ààrò fún ìgbà ìkẹyìn.